Ìbẹ̀rù àti Oyún: Ohun Tí Ehoro àti Eku Fi Kọ́ Àwọn Onímọ̀

Kò sí obìnrin tí ó ti pé ọdún mẹ́ta nílé ọkọ láìrí oyún tí kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí: "Fọkàn balẹ̀. Ìrònú rẹ ni kò jẹ́ kí ọmọ dé." Ìyá ọkọ á sọ ọ́, àbúrò ọkọ á sọ ọ́, alájọgbélé á sọ ọ́, nígbà mìíràn nọ́ọ̀sì tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ á tún un sọ. Ẹni tó ń sọ ọ́ rò pé ìtùnú ni. Létí ẹni tó ń gbọ́ ọ ni ó ti ń di ẹ̀sùn. Bí ó bá jẹ́ pé ìrònú ló fà á, tí ìrònú náà sì jẹ́ ti obìnrin yìí, a jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni ó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ tí ó ń wá.

Ọ̀rọ̀ náà ti wọ aṣọ sáyẹ́ǹsì báyìí. Àwọn tó ń sọ ọ́ ti mọ orúkọ adrenaline, họ́mọ̀nù tí ara ń tú jáde nígbà ìbẹ̀rù, wọ́n sì ń sọ pé òun ni ó ń pa họ́mọ̀nù tó ń mú kí obìnrin lóyún. Adrenaline kì í ṣe ìtàn àròsọ, ó sì ní ohun tó pa á pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ tí wọ́n ti ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lára àwọn ẹranko láti ohun tó lé ní 70 ọdún rí ohun tí kò jọ èyí tí à ń gbọ́ ládùúgbò. Wọ́n rí i pé mọ̀lẹ́bí adrenaline gan-an wà lára àwọn tó ń ṣí ilẹ̀kùn kí ẹyin lè jáde. Ó yẹ kí a tẹ̀lé ìtàn náà díẹ̀díẹ̀, nítorí ààbọ̀ ìtàn ni ó ń gbé ẹrù lé orí ẹni tí kò ni ín.

Lórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan ni ẹran kékeré kan wà tó dé e bíi fìlà. Nígbà tí ajá bá gbó mọ́ ènìyàn lójijì nínú òkùnkùn, ẹran kékeré yìí ni ó ń tú adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀: àyà á máa lù kìkì, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ẹnu á gbẹ. Adrenaline tí gbogbo ènìyàn mọ̀ nìyẹn. Ara ń fi èròjà mìíràn tí à ń pè ní noradrenaline ṣe é, dopamine ni ó sì ń fi ṣe noradrenaline. Ìdílé kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Iṣẹ́ noradrenaline nínú ọpọlọ jọ ti akéde: iṣan kan á tú u sílẹ̀, iṣan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á gbọ́ iṣẹ́ tí a rán an. Adrenaline tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ rí ọ̀nà wọ ọpọlọ, nítorí pé odi kan wà láàrin ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ tó ń yẹ àlejò wò kí ó tó gbà á wọlé. Nítorí náà, àyà tó ń já àti akéde inú ọpọlọ kì í ṣe ohun kan náà, bí orúkọ wọn tilẹ̀ jọra. Ibí yìí gan-an ni àwọn tó ń fi adrenaline dẹ́rù ba obìnrin ti kọ́kọ́ ṣìnà.

Ehoro ni ó kọ́kọ́ tú àṣírí náà. Àwọn tó ń sin ehoro mọ̀ pé abo rẹ̀ kò dà bí ewúrẹ́ tàbí màlúù, tí ẹyin tiwọn ń jáde ní àkókò rẹ̀ yálà akọ wà nítòsí tàbí kò sí. Ní 1905, Walter Heape fi hàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ẹyin abo ehoro kì í jáde àfi bí akọ bá gùn ún. Ó máa ń tó bíi wákàtí mẹ́wàá lẹ́yìn náà kí ẹyin tó jáde. Ológbò rí bẹ́ẹ̀, ràkúnmí náà rí bẹ́ẹ̀. Báwo wá ni ilé ẹyin, tí ó wà nínú ikùn lọ́hùn-ún, ṣe mọ̀ pé akọ ti dé?

Lábẹ́ ọpọlọ, ní ọ̀gangan ẹ̀yìn imú, ẹran kékeré kan so rọ̀ tí kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ lára ènìyàn. Pituitary ni orúkọ rẹ̀. Òun ni ó ń tú họ́mọ̀nù tí à ń pè ní LH sínú ẹ̀jẹ̀, LH ni ó sì ń pàṣẹ fún ilé ẹyin pé kí ó tú ẹyin sílẹ̀. Ní 1929, Fee àti Parkes yọ pituitary kúrò lára àwọn abo ehoro lẹ́yìn tí akọ ti gùn wọ́n. Bí wọ́n bá yọ ọ́ kí wákàtí kan tó pé, ẹyin kì í jáde. Bí ó bá ti ju wákàtí kan lọ, ẹ̀pa ò bóró mọ́: LH ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, ẹyin yóò sì jáde bí pituitary kò tilẹ̀ sí níbẹ̀ mọ́. Nígbà tí ó di 1937, Geoffrey Harris fi iná mànàmáná tó kéré púpọ̀ ta hypothalamus ehoro, ìyẹn apá ìsàlẹ̀ ọpọlọ tó wà lókè pituitary. Ehoro náà tú ẹyin sílẹ̀ láìfojú kan akọ. Ó wá hàn gbangba pé ọpọlọ ni ó ń rán pituitary níṣẹ́. Ohun tí kò tíì hàn ni ẹni tó ń jẹ́ iṣẹ́ náà.

Ìdáhùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú ní 1947, ní Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà. Charles Sawyer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Markee àti Hollinshead, mú oògùn kan tí à ń pè ní dibenamine. Bí a bá fi adrenaline àti noradrenaline wé kọ́kọ́rọ́, iṣẹ́ dibenamine ni láti dí ihò tí kọ́kọ́rọ́ náà ń wọ̀, kí ó má lè ṣí ohunkóhun. Wọ́n jẹ́ kí akọ gun abo ehoro, wọ́n sì sáré gún abo náà ní abẹ́rẹ́ dibenamine. Nínú èyí tó pọ̀ jù lára àwọn tí abẹ́rẹ́ wọ ara wọn láàrin ìṣẹ́jú kan, ẹyin kò jáde. Bí abẹ́rẹ́ bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, òfò ni: ẹyin jáde bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò ṣe nǹkan kan.

Ó tọ́ kí òǹkàwé dúró díẹ̀ níbí, nítorí inú aago ni ẹwà ìwádìí yìí wà. Aago mẹ́ta ni ó ń ṣiṣẹ́ lára ehoro kan ṣoṣo: ìṣẹ́jú kan tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́, wákàtí kan tí pituitary fi ń jẹ́ iṣẹ́ náà, wákàtí mẹ́wàá tí ilé ẹyin fi ń tú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Aago àkọ́kọ́ nìkan ni dibenamine lè dá dúró. Kò ba ilé ẹyin jẹ́, kò sì ba pituitary jẹ́; ẹnu ọ̀nà tí ìròyìn ń gbà jáde kúrò nínú ọpọlọ ni ó dí. Nígbà tó di 1952, Sawyer yí ìwádìí náà padà. Dípò kí ó dí ọ̀nà, ó fi abẹ́rẹ́ gbé adrenaline tàbí noradrenaline sínú ihò olómi tó wà láàrin ọpọlọ abo ehoro, àwọn kan nínú wọn sì tú ẹyin sílẹ̀ láìsí akọ nínú àgò. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀tá ọmọ ni ìdílé adrenaline, dídí i ni ì bá mú kí ẹyin jáde wọ̀ọ̀rọ̀wọ̀, fífi í sínú ọpọlọ ni ì bá sì dá a dúró. Òdìkejì pátápátá ni ó ṣẹlẹ̀.

Ẹnìkan lè dáhùn pé ehoro kì í ṣe ènìyàn, àti pé ẹyin obìnrin kì í dúró de ọkọ kí ó tó jáde. Òótọ́ ni, ìdí sì nìyẹn tí eku fi wọ inú ìtàn yìí. Eku funfun tí wọ́n ń sìn nínú ilé ìwádìí máa ń tú ẹyin sílẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin tàbí márùn-ún márùn-ún, akọ ì báà wà, ì báà má sí. John Everett, tí òun náà wà ní Duke, ṣe àkíyèsí pẹ̀lú Sawyer pé ọpọlọ eku ní àsìkò kan tí kì í yẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìjáde ẹyin, láàrin aago méjì sí aago mẹ́rin, ni ọpọlọ ń ránṣẹ́ sí pituitary. Òru ni ẹyin ń jáde. Bí wọ́n bá fún eku ní dibenamine kí aago méjì tó lù, òru náà yóò kọjá láìsí ẹyin. Wọ́n gbìyànjú oògùn tó ń kun ènìyàn lóorun náà, àbájáde kan náà ni wọ́n rí. Èyí tó yani lẹ́nu jù ni ohun tí Everett àti Sawyer kéde ní 1950: nígbà tí oorun náà bá dá lójú eku ní ìrọ̀lẹ́, ọpọlọ rẹ̀ kì í yára rán iṣẹ́ tí ó jẹ sílẹ̀. Ó máa ń dúró di aago méjì ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ẹni tí ọkọ̀ kan ṣoṣo tó ń lọ sí ìlú rẹ̀ lóòjọ́ bá ti fi sílẹ̀ ní gáréèjì rí yóò mọ bí ọ̀rọ̀ eku yìí ṣe rí.

Láàrin 1970 sí 1980 ni kókó tó ṣe pàtàkì jù hàn, òun sì ni àwọn tó ń sọ ọ̀rọ̀ adrenaline ládùúgbò kì í mẹ́nu bà. Àwọn onímọ̀ yọ ilé ẹyin àwọn abo eku kan, wọ́n fún àwọn kan nínú wọn ní oestrogen, tí í ṣe họ́mọ̀nù obìnrin, wọ́n sì fi àwọn yòókù sílẹ̀ láìfún wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi noradrenaline sínú ọpọlọ gbogbo wọn. Lára àwọn tó gba oestrogen, LH gòkè. Lára àwọn tí kò gbà á, LH lọ sílẹ̀. Akéde kan náà ni, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n rán an, èsì rẹ̀ sì takora. Ipò tí akéde náà bá ara nígbà tó dé ni ó ń sọ ohun tí yóò tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Fún ìdí èyí, gbólóhùn kan ṣoṣo bíi "adrenaline ń dí ọmọ lọ́wọ́" tàbí "adrenaline ń ṣí ọ̀nà fún ọmọ" kò lè jẹ́ òótọ́ níbi gbogbo. Ẹni tó bá sọ èyíkéyìí nínú méjèèjì kò tíì bi ara rẹ̀ léèrè pé nígbà wo, àti lára ta ni.

Ìwádìí mìíràn tí Clifton àti Sawyer fúnra rẹ̀ ṣe ní 1979 tún jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n gbọ́n noradrenaline gbẹ kúrò nínú hypothalamus eku. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹyin kò jáde. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti fi eku náà sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ẹyin tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde bó tilẹ̀ jẹ́ pé akéde náà kò padà bọ̀ sí ipò. Ọ̀nà kan ò wọjà; ọpọlọ wá ọ̀nà mìíràn. Ìmọ̀ mìíràn náà gbe èyí lẹ́sẹ̀. Ní 1971 ni ikọ̀ Andrew Schally àti ti Roger Guillemin mọ bí wọ́n ṣe to GnRH, họ́mọ̀nù kékeré tó ń gbé àṣẹ láti hypothalamus lọ sí pituitary, àwọn méjèèjì sì wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1977. Ní 2003, ó hàn pé èròjà mìíràn tí à ń pè ní kisspeptin ni ó ń ta GnRH jí, débi pé ọmọ tí ihò kọ́kọ́rọ́ kisspeptin bà jẹ́ lára rẹ̀ kì í bàlágà. Noradrenaline wá di ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ní àgbàlá yẹn. Ipò rẹ̀ kò já sí asán, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ọba ibẹ̀.

Ìtàn yìí kan ilẹ̀ Yorùbá ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ, ewé kan ni ó sì so ó pọ̀ mọ́ wa. Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ti ń fi gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ tọ́jú wèrè tipẹ́tipẹ́. Raymond Prince, dókítà àrùn ọpọlọ láti Kánádà, kọ̀wé nípa bí àwọn oníṣègùn Nàìjíríà ṣe ń lo ewé náà, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1960. Reserpine wà nínú asofẹ́yẹjẹ. Ìbátan rẹ̀ ti ilẹ̀ Íńdíà ni àwọn onímọ̀ ti kọ́kọ́ yọ èròjà yìí ní Basel, ní orílẹ̀-èdè Switzerland, ní 1952, ó sì di oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti wèrè káàkiri àgbáyé. Ọ̀nà tí reserpine ń gbà ṣiṣẹ́ ni pé ó ń tú ilé ìṣúra noradrenaline àti dopamine ká nínú iṣan, títí yóò fi gbẹ. Ara tó ń gbóná janjan á rọ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ru á wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1957, Barraclough àti Sawyer fi hàn pé bí a bá fún abo eku ní reserpine tàbí chlorpromazine kí àsìkò ọ̀sán rẹ̀ yẹn tó dé, ẹyin kì í jáde.

Chlorpromazine yìí ni ọ̀pọ̀ ìdílé ní Nàìjíríà mọ̀ sí Largactil. Lára ènìyàn, ó ń dí dopamine lọ́wọ́, dopamine ni ó sì yẹ kó máa di prolactin mú, ìyẹn họ́mọ̀nù tó ń mú kí ọyàn sun wàrà. Bí ìdè náà bá tú, prolactin á gòkè, nǹkan oṣù lè dúró, omi ọyàn lè máa sun lára obìnrin tí kò bímọ. Methyldopa, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Aldomet, lè gbé prolactin sókè bákan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni àwọn dókítà sábà máa ń fún aboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru, tí kò sì ṣe ọmọ inú rẹ̀ ní jàm̀bá.

Níbí ni ewu gidi wà, kò sì sí ẹni tó ń fi kìlọ̀ fún obìnrin. Gbogbo àdúgbò á pé jọ láti sọ fún un pé kó má ronú mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò bi í pé, "Oògùn wo lò ń lò?" Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ dúró lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ oògùn ọpọlọ ń gbààwẹ̀ káàkiri nígbà tí ìyípadà díẹ̀ nínú oògùn náà, láti ọwọ́ dókítà, lè tó láti yanjú ọ̀rọ̀. Kò gbọ́dọ̀ dá oògùn náà dúró fúnra rẹ̀ o. Àrùn ọpọlọ àti ẹ̀jẹ̀ ríru tó padà dé lójijì lè gbẹ̀mí. Ohun tó tọ́ ni kí ó kó gbogbo páálí oògùn rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, kí ó sì dárúkọ àgbo tó ń mu pẹ̀lú. Àgbo asofẹ́yẹjẹ tí a kò fi ìwọ̀n kankan wọ̀n kì í ṣe ohun tí ẹni tó ń wá ọmọ lè máa mu bí omi, ẹni tó ń tà á kì í sì í sábà bèèrè ohun tí oníbàárà rẹ̀ ń wá.

Yóò jẹ́ àbòsí bí a bá wá sọ pé ìbẹ̀rù kò lágbára kankan lórí ọ̀rọ̀ ọmọ. Ó ní. Ní 1941, Ely àti Petersen fẹ́ mọ ohun tó ń mú kí wàrà sọ̀ wálẹ̀ nínú ọyàn màlúù. Wọ́n gbé ológbò lé màlúù lẹ́yìn, wọ́n sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú àpò bébà, wọ́n ń bẹ́ ẹ gbàù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wàrà kọ̀, kò sọ̀. Nígbà tí wọ́n gún màlúù ní abẹ́rẹ́ adrenaline láìdẹ́rù bà á rárá, wàrà kò sọ̀ bákan náà, nítorí adrenaline ń dènà iṣẹ́ oxytocin, họ́mọ̀nù tó ń ti wàrà jáde. Darandaran tó ń fọwọ́ pa màlúù rẹ̀ lára tó sì ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sí i kí ó tó fún wàrà kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní èyí. Bákan náà ni àwọn oníwàádìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i pé bí wọ́n bá kó abo àgùntàn sínú ọkọ̀ tí wọ́n sì gbé e rìn nígbà tí ẹyin rẹ̀ ń múra àtijáde, LH rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó gòkè. Ó ń pẹ́ ni, kì í ṣe pé ó pòórá. Àwọn họ́mọ̀nù másùnmáwo mìíràn, pàápàá cortisol, sì lọ́wọ́ sí èyí gan-an. Adrenaline nìkan kọ́.

Obìnrin náà ní tirẹ̀. Èyí tí ebi ti hàn léèmọ̀, tí ó rù kan egungun, tí ó ń sáré ìdíje lójoojúmọ́, tàbí tí ìdààmú ńlá bá lójijì, nǹkan oṣù rẹ̀ lè dúró nítorí pé hypothalamus rẹ̀ ti dín GnRH kù. Àìsàn tó ní orúkọ ni, ó ní àmì tó hàn, ó sì ní ìtọ́jú. Ó jìnnà sí ọ̀rọ̀ obìnrin tó ń rí nǹkan oṣù rẹ̀ déédéé, tó ń jẹun, tó ń ṣòwò, tó sì ń sunkún lóru nítorí pé kò rí ọmọ gbé jó. Ẹkún yẹn ni àìrọ́mọbí bí. A kò lè wá sọ ọ́ di ìyá àìrọ́mọbí.

Àwọn tó wádìí èyí lára ènìyàn wà. Ní 2011, Jacky Boivin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àpapọ̀ ìwádìí 14 jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ, lórí àwọn obìnrin 3,583 tí wọ́n ń gba ìtọ́jú láti lóyún. Wọ́n ti wọn bí àníyàn àti ìbànújẹ́ wọn ti tó kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wá wo ẹni tó lóyún àti ẹni tí kò lóyún. Àníyàn kò sọ ìyàtọ̀ láàrin wọn: ẹni tí ọkàn rẹ̀ pòrúurùu lóyún bíi ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n lẹ èsì yìí mọ́ ara ògiri gbogbo ilé ìwòsàn tí obìnrin ti ń wá ọmọ, kí nọ́ọ̀sì rí i kí ó tó la ẹnu.

Ohun tó ń dí ọ̀nà gan-an ń dúró láìsí ẹni tó wò ó. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2023 pé bí ẹnìkan nínú ènìyàn mẹ́fà ni yóò bá ìṣòro àìrọ́mọbí pàdé láyé rẹ̀. Ìwádìí kan tí àjọ kan náà ṣe ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1985, ti fi hàn tipẹ́ pé ní ilẹ̀ Áfíríkà, àkóràn tó ń ba ọ̀nà tí ẹyin ń gbà wọ ilé ọmọ jẹ́ pọ̀ ju ti àwọn apá ayé yòókù lọ. Àtọ̀sí tí a kò tọ́jú dáadáa wà lára àwọn tó ń fa irú àkóràn yìí, bákan náà ni oyún tí wọ́n ṣẹ́ ní ibi tí kò mọ́ àti ìbímọ tí ọwọ́ ẹlẹ́gbin ti kàn. Ìfọkànbalẹ̀ kò lè ṣí ọ̀nà tí àpá ti dí. Oṣù kọ̀ọ̀kan tí obìnrin fi ń gbìyànjú láti má ronú jẹ́ oṣù kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ fi ń lọ, ọjọ́ orí sì jẹ́ ohun tí dókítà kankan kò lè dá padà.

Ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀ ni pé bí tọkọtaya bá ti ń bá ara wọn sùn déédéé fún oṣù 12 láìrí oyún, kí àwọn méjèèjì lọ ṣe àyẹ̀wò. Bí obìnrin bá ti lé ní ọdún 35, kí wọ́n má jẹ́ kí ó ju oṣù mẹ́fà lọ. Àwọn méjèèjì ni ọ̀rọ̀ náà bá wí. Nínú bí ìdajì àwọn tọkọtaya tó ń wá ọmọ, ìṣòro wà lọ́dọ̀ ọkọ, yálà òun nìkan tàbí pẹ̀lú ti ìyàwó. Síbẹ̀ obìnrin ni yóò ti ya fọ́tò ilé ọmọ, tí yóò ti gba abẹ́rẹ́ àìmọye, tí yóò ti rìn dé orí òkè àdúrà méjì mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó rántí ọkọ. Àyẹ̀wò àtọ̀ kò gba abẹ́, kò gba abẹ́rẹ́, kò sì dunni. Inú ike kékeré kan ni wọ́n ń gbà á sí, owó rẹ̀ kò sì tó ti àyẹ̀wò ọ̀nà ẹyin. Òun ni ọ̀pọ̀ ìdílé ṣì ń fi ṣe ìkẹyìn.